Fídáù bàbá wa àti àrùn onígbáméjì: ṣé àìní ìmáánì ni ká má kó èrò jọ?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aléékúm, Àáfà wa. Bàbá wa papòdà lọ́sẹ̀ yìí. Ogbó ló mú wọn lọ, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló kù. Àwọn ẹbí ti ń múra láti Èkó, Ìbàdàn àti Kútọnu, a ti san owó màlúù, a sì ti bá àwọn àáfà sọ̀rọ̀. Àmọ́ àrùn onígbáméjì ti wọ ìlú wa, àwọn nọ́ọ̀sì sì ní ká má kó èrò jọ. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní ẹni tó bá sún àdúrà síwájú nítorí àìsàn kò ní ìmáánì, pé Ànábì fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò sí àkóràn. Àbúrò mi obìnrin tó wá láti Èkó náà fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó ti gbọ́ pé hádíìsì kan ní kí èèyàn má jáde ní ìlú àrùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Wà aléékúmú sàlám wàráhmátúláhì. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ọlọ́hun kẹ́ bàbá, kí Ó fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé wọn.

Ẹ sún àpèjọ náà síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àdúrà lọ́jọ́ kẹjọ, kí ó jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé inú ilé náà nìkan. Ẹ pe àwọn ti Èkó, Ìbàdàn àti Kútọnu lálẹ́ òní, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà kí wọ́n máa tọrọ fún bàbá láti ibẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀sìn kàn fojú fò ó fún yín ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílùú yín yìí, òun gan-an ni ẹ̀sìn ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, nítorí hádíìsì tó mú wá kì í ṣe irọ́. Kò kàn kà á tán ni. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kò sí àkóràn. Inú hádíìsì kan náà ló ti sọ pé kí á sá fún adẹ́tẹ̀ bí a ṣe ń sá fún kìnnìún. Abu Hurayra, ọmọlẹ́yìn Ànábì tó gbà á wá, náà ló gbà á wá pé ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ dà á mọ́ ti ẹni tí ara ràkúnmí tirẹ̀ le. Kí wá ni Ànábì ń kọ̀? Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan gbà pé àìsàn ní agbára tara rẹ̀, pé ó ń rìn bó ṣe wù ú, ó sì ń pa ẹni tó wù ú, láìsí pé Ọlọ́hun lọ́wọ́ sí i. Ará oko kan bi Ànábì pé, ràkúnmí wa jọ̀lọ̀, àmọ́ bí ọ̀kan tó ní ìfọ́n bá wọ àárín wọn, gbogbo wọn ló ń kó o. Ànábì bi í padà pé: ta ló kó o ran ti àkọ́kọ́? Kò sẹ́ ohun tí ojú ọkùnrin náà rí. Ó ń darí ọkàn rẹ̀ sí Ẹni tó dá àìsàn, tó sì dá ọ̀nà tí àìsàn ń gbà rìn. Iná kì í jó láìsí àṣẹ Ọlọ́hun, síbẹ̀ kò sí àáfà tó máa ki ọwọ́ bọ iná kó ní ìmáánì lòun fi ń ṣe.

Nígbà tí àwọn ẹ̀yà Thaqif wá bá Ànábì láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì ṣe àdéhùn ìgbàgbọ́, adẹ́tẹ̀ kan wà nínú wọn. Ànábì ránṣẹ́ sí i pé: a ti gba àdéhùn rẹ, máa padà lọ. Ó wà nínú ìwé hádíìsì tí Imam Muslim kó jọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará mi. Ọkùnrin yìí ti rin ìrìn àjò, ó kù díẹ̀ kó fọwọ́ kan ọwọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, a sì ní kó yà sílé. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dín kù, àdéhùn rẹ̀ kò bà jẹ́. Àpèjọ wo ni àwa fẹ́ ṣe tó ga ju èyí lọ?

Ìtàn tó wà nídìí hádíìsì tí àbúrò yín gbọ́ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí ìdajì rẹ̀ la sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì.

Ní ọdún 18 Híjírà, èyí tó bọ́ sí 639, Sayyidinā Umar, olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, kúrò ní Mẹ̀dínà, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ìyẹn Síríà àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀, Abu Ubayda ibn al-Jarrah sì wà nínú wọn. Wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáámù. Òun ni wọ́n ń pè ní àjàkálẹ̀ Amwas, lórúkọ ìlú kan ní Palẹsitínì. Umar pe àwọn Muhājirūn àkọ́kọ́, àwọn tó ṣí láti Mẹ́kà wá sí Mẹ̀dínà, ó bi wọ́n léèrè, ẹnu wọn kò kò. Ó pe àwọn Ansār, àwọn ará Mẹ̀dínà tó gbà wọ́n sílé, tiwọn náà kò kò. Ó wá pe àwọn àgbààgbà ẹ̀yà Quraysh tó ṣí wá lásìkò tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Mẹ́kà. Àwọn yìí nìkan ni ẹnu wọn kò: wọ́n ní kó kó àwọn ènìyàn padà, kó má kó wọn wọ inú àrùn. Umar kéde pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun ń padà nìyẹn.

Abu Ubayda bi í pé: ṣé kádàrà Ọlọ́hun lẹ ń sá fún? Ẹ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ nígbà náà kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, ó wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìròyìn ayọ̀ Àlùjánnà. Umar dá a lóhùn pé: ì bá ṣe ẹlòmíràn ló sọ ọ́, Abu Ubayda! Bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrà Ọlọ́hun la ti ń sá bọ́ sínú kádàrà Ọlọ́hun. Ó ní bí èèyàn bá da ràkúnmí rẹ̀ wọ àfonífojì, tí ẹ̀gbẹ́ kan ní koríko tí ìkejì gbẹ, ibi yòówù tó bá dà wọ́n sí, ṣebí kádàrà Ọlọ́hun náà ni? Ibẹ̀ ni Abdurrahman ibn Awf ti dé, kò sí nílé látàárọ̀. Ó ní òun ní ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé: bí ẹ bá gbọ́ pé ó wà ní ilẹ̀ kan, ẹ má wọ ibẹ̀, bí ó bá sì bẹ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ wà, ẹ má jáde láti sá fún un. Umar dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ó sì yí padà.

Ibí yìí ni oníwàásù máa ń dákẹ́ sí. Abu Ubayda ńkọ́? Ó padà sí Ṣáámù, sọ́dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Umar kọ̀wé sí i pé kó máa bọ̀ ní Mẹ̀dínà, òun nílò rẹ̀. Abu Ubayda mọ ohun tí Umar ní lọ́kàn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun dúró ti àwọn ènìyàn òun. Ó dúró, àrùn náà sì pa á. Mu'adh ibn Jabal gba ipò rẹ̀, àrùn pa òun náà. Amr ibn al-As ló wá ní kí àwọn ènìyàn fọ́n ká, kí wọ́n gun orí òkè lọ, kí wọ́n má wà lójú kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun sì ká àrùn náà kúrò.

Umar tí kò wọlé, Abu Ubayda tí kò jáde: hádíìsì kan náà ni àwọn méjèèjì tẹ̀ lé. Ìhà àkọ́kọ́ kò ṣòro fún wa, àbí ta ló ń sáré wọ ìlú àrùn? Ìhà kejì ló ń ki wá mọ́lẹ̀. Ìhà àkọ́kọ́ ń dáàbò bo ìwọ. Ìhà kejì ń dáàbò bo àwọn tí o fẹ́ lọ bá, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín bá ní òun kò bẹ̀rù ikú, ẹ sọ fún un pé a gbà á gbọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan la ń sọ. Ọmọ ọlọ́mọ tó wà ní Kútọnu kò fún un ní àṣẹ láti fi ẹ̀mí òun ṣe ìdánwò ìmáánì.

Bí àrùn ṣe ń bá ìrìn àjò rìn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó ń jà kárí ayé nígbà náà wọ Èkó. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn, ara wọn le lójú ara wọn. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ̀ gbé àrùn náà bá wọn lọ sáwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà, títí wọ òkè lọ́hùn-ún. Ilé tí wọ́n sá lọ pé kí wọ́n lè yè ni wọ́n gbé ikú wọ̀.

Ti onígbáméjì tún ní ìṣòro tirẹ̀. Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń gbé e. Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in ni kòkòrò rẹ̀ wà, ẹnu la sì ń gbà kó o, nípa omi, oúnjẹ àti ọwọ́ tí a kò fọ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí èèyàn kó o ni ìgbẹ́ gbuuru ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó o ni inú kò ní run rárá, síbẹ̀ kòkòrò náà á máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ kan sí mẹ́wàá. Ẹ wá fojú inú wo fídáù. Omi kànga kan náà ni wọ́n fi máa se ìrẹsì, òun ni wọ́n máa fi ṣe àlùwàlá, òun ni wọ́n máa fi fọ abọ́. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló máa kun màlúù. Ṣáláńgá kan ṣoṣo ni gbogbo èrò máa lò. Wọ́n á bu mọ́ínmọ́ín àti ẹran sí ọ̀rá fún àwọn tó ń lọ Èkó. Àlejò Kútọnu á sì ti kọjá bodè, á ti bọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ọdún 2021 nìkan, àrùn yìí pa èèyàn tó ju 3,500 lọ ní Nàìjíríà.

Bí ẹnìkan bá ní ìjọsìn Ọlọ́hun kò lè kó àrùn ràn wá, kí ó wo Háájì, ọ̀kan nínú àwọn ìjọsìn tó tóbi jù tí a ní. Ní 1865, onígbáméjì wọ àárín àwọn alálàájì ní Mẹ́kà. Wọ́n ní nínú bí 90,000 tó wá, bí 15,000 ló kú. Àwọn tó yè wọ ọkọ̀ ojú omi padà gba Suez dé Alẹkisáńdíríà, àrùn náà sì gba ibẹ̀ wọ ìlú Yúróòpù lọ́kan-ò-jọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣètò ibi tí ọkọ̀ alálàájì gbọ́dọ̀ dúró sí kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀, bí irú èyí tó wà ní El Tor ní Sínáì àti ní erékùṣù Kamaran nínú Òkun Pupa. Ní ọdún 2000, àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń mú ọrùn gan tó sì ń wu awọ tó bo ọpọlọ, mú àwọn alálàájì àtàwọn tó sún mọ́ wọn, wọ́n ju 400 lọ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹsẹ̀ tẹ Mẹ́kà lọ́dún náà, ará ilé alálàájì ni wọ́n. Ẹni tó gbé e wálé kò ṣàìsàn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni kòkòrò náà fara pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún wa kí a tó wọ bàálù fi jẹ́ dandan. Ẹni tó bá fowó ra káàdì abẹ́rẹ́ láìgún un, kí ó mọ̀ pé irọ́ ló gbé lọ sílé Ọlọ́hun, àrùn ló sì lè gbé wálé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020, Saudi Arabia dá Umrah àwọn ará òkèèrè dúró nítorí kòrónà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àyẹ̀wò fi hàn pé arìnrìn àjò kan tó wọ Èkó láti Ítálì ti gbé e wọ Nàìjíríà. Ní 2019, àwọn tó ṣe Háájì sún mọ́ 2,500,000. Ní 2020, bí 1,000 ni, gbogbo wọn ló sì ti ń gbé Saudi tẹ́lẹ̀. Háájì tó jẹ́ òpó ẹ̀sìn ni wọ́n dín kù bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì fọwọ́ sí i. Mi ò ní wọ inú àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn àáfà lórí fídáù lónìí, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é àtàwọn tí kò ṣe é ló jọ gbà pé kò sí lára òpó ẹ̀sìn.

Ìbéèrè tó máa wá sọ́kàn ẹ̀gbọ́n yín ni pé, ṣebí àdúrà la fẹ́ ṣe, ṣé àdúrà kọ́ ló ń lé àrùn ni? Ibn Hajar al-Asqalani, àgbà onímọ̀ hádíìsì ní Káírò, ti dáhùn èyí. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa, torí náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 833 Híjírà, èyí tó bọ́ sí 1430, nígbà tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ ní Káírò, àwọn tó ń kú lójúmọ́ kò tó 40. Àwọn ará ìlú gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì tú jáde lọ sínú aṣálẹ̀ láti tọrọ, bí ẹni ń tọrọ òjò. Wọ́n dúró fún wákàtí kan, wọ́n sì padà wálé. Oṣù náà kò tíì parí tí iye àwọn tó ń kú lójúmọ́ fi kọjá 1,000. Ibn Hajar kò sọ pé kí á má ṣe àdúrà. Àpéjọ náà ló lòdì sí, ó ní kò sí nínú ìṣe àwọn aṣíwájú.

Ìsìnkú náà ní ẹ̀rí tirẹ̀ nítòsí wa. Ní ọdún 2014, oníṣègùn ìbílẹ̀ obìnrin kan ní agbègbè Kailahun ní Sàró (Sierra Leone), tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn tó ń ti Gínì kọjá wá bá a, kó Ebola, ó sì kú. Èèyàn rọ́ wá sìnkú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìwádìí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ikú tó tó 365 so mọ́ ìsìnkú kan ṣoṣo yẹn. Lọ́dún náà ni àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí jókòó pẹ̀lú àwọn elétò ìlera, wọ́n sì gbà pé wọ́n lè ṣe táyámámù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ mímọ́ dípò omi, fún òkú tí ìwẹ̀ rẹ̀ léwu. Mo sọ èyí nítorí bí onígbáméjì bá pa ẹnìkan nílùú yín, ẹ má ṣe wẹ òkú náà láìjẹ́ pé àwọn elétò ìlera ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ẹ má sì fi ojú ẹni ègún wo ilé tó bá ṣẹlẹ̀ sí: Ànábì sọ pé ẹni tí àrùn inú bá pa, ṣàhídì ni.

Bàbá yín kò pàdánù ohunkóhun. Hádíìsì sọ pé bí ọmọ Ádámọ̀ bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti dópin àfi mẹ́ta: sàárà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí wọ́n ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tó ń tọrọ fún un. Ọjọ́ kẹjọ kò sí níbẹ̀, èrò púpọ̀ kò sí níbẹ̀. Màlúù tí ẹ ti san owó rẹ̀ ńkọ́? Bí olówó rẹ̀ bá gbà, kó dá owó yín padà. Bí kò bá gbà, kí alápatà pa á níbi tó ti ń pa tirẹ̀, kí ẹ pín in ní tútù fún àwọn aláìní, kí oníkálukú lọ sè é jinná nílé rẹ̀. Ẹ fún àwọn àáfà ní sàárà wọn náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń retí rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹbí wọn sun ebi nítorí àrùn.

Bí owó bá padà wá, mo mọ ibi tí mo fẹ́ kó lọ. Sa'd ibn Ubada, ọmọlẹ́yìn Ànábì kan, bi Ànábì pé ìyá òun ti kú, sàárà wo ló dára jù tí òun lè ṣe fún un? Ànábì ní: omi. Sa'd gbẹ́ kànga, ó ní ti ìyá Sa'd nìyí. Ìlú yín ń kú nítorí omi ẹlẹ́gbin lọ́wọ́ báyìí. Ẹ tún ẹ̀rọ omi àdúgbò tó bàjẹ́ ṣe lórúkọ bàbá, ẹ ra kólórínì fún àwọn kànga bí àwọn elétò ìlera bá ṣe júwe rẹ̀, ẹ gbé ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí.

Ìrun Jímọ̀ kò sí nínú ohun tí mo ní kẹ́ ẹ dá dúró, nítorí àrùn yìí kò gba inú èémí bíi kòrónà. Omi àlùwàlá ni kẹ́ ẹ mójú tó. Ẹ gbé ife ajùmọ̀lò kúrò lẹ́nu omi, kí ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣu kírun nílé. Bí ìjọba bá ní kẹ́ ẹ tì í, ẹ tì í.

Ó ku àbúrò yín. Ìmọ̀ràn mi sí i ni pé kò ṣẹ̀. Ohun tí hádíìsì kọ̀ ni jíjáde láti sá fún àrùn. Àwọn onímọ̀, Imam Nawawi sì wà lára wọn, ṣàlàyé pé ẹni tó ní ìdí mìíràn tó fi ń jáde kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń wá ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kó rántí ẹ̀tọ́ àwọn tó máa bá wọ mọ́tò kan náà. Kó pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kó ṣàlàyé. Kó máa mu omi tí wọ́n sè, kó dúró títí ọjọ́ márùn-ún á fi kọjá lẹ́yìn ìgbà tó ti ṣọ́ ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kó sì bi àwọn nọ́ọ̀sì kó tó gbéra. Tó bá dé Èkó, kó má dáná fún ẹlòmíràn fún ọjọ́ mẹ́wàá, kó má gbé oúnjẹ ilé yín dání, kó sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyàgbẹ́. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí lọ lójú ọ̀nà tàbí nílé, kó po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, kí wọ́n gé orí wọn, mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún bó ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn. Kó má sì fi ibi tó ti ń bọ̀ pamọ́ fún dókítà.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.